Áńtẹ́nà Tí Wọ́n Gbàdúrà Sí

Alága ẹgbẹ́ rédíò wa, tó ń ta jẹnẹrétọ̀ ní Allen Avenue, ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ti oníṣòwò. Àwa tí a gba ìwé àṣẹ láti máa fi rédíò bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ilé dé ilé ni, nítorí pé a fẹ́ràn rẹ̀. Físíìsì ni mo fi kọ́ ọmọ ní Agége títí mo fi fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ìpè ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo máa ń dúró dè. Wọ́n á pe kálukú wa láti ilé ẹgbẹ́ ní Àgídìngbì, èmi á sì dáhùn láti Ifákò. Ó tó mi.

Nígbà tí áńtẹ́nà ilé ẹgbẹ́ bàjẹ́, alága gbé òmíràn wá tó ní ó ń ṣiṣẹ́ lórí bándì márùn-ún, ìyẹn oríṣi ìgbì márùn-ún tí rédíò ń gbà sọ̀rọ̀. Mo dìde. Mo ní bándì méjì péré ni rédíò wa ní, ti mítà méjì àti ti àádọ́rin sẹ̀ǹtímítà. Mo ní kí a ra èyí tí wọ́n ṣe fún méjèèjì yẹn, kó gùn, kó wà lórí òpó gíga, kó lè gbọ́ àwa tí a jìnnà. Ọ̀pá èyí tí alága gbé wá kò tó apá mi. Ẹni tó lé eku méjì ń pòfo, áńbọ̀sì ẹni tó lé márùn-ún.

Ó ní, "Mama tíṣà, gbogbo nǹkan lẹ máa ń fẹ́ máàkì. Ẹ̀bùn ni mo mú wá o."

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ wa, a kì í yẹ ẹ̀bùn wò, àdúrà là ń gbà sí i. Ààfáà gbàdúrà, pásítọ̀ gbàdúrà, a ṣe àmín. Mo ní kí ẹnìkan gbé rédíò kékeré lọ sẹ́yìn àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́nà Agége, lápá ọ̀dọ̀ àwa tí a jìnnà, kó dán an wò láti ibẹ̀. Akọ̀wé bi mí bóyá mo fẹ́ sọ pé àdúrà kò gbà ni. Ẹni tó dúró ní géètì ni wọ́n fi dán an wò. Géètì! Wọ́n ní ó ń dún bí agogo.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí. Rédíò wọn lágbára ju tèmi lọ, nítorí náà mo gbọ́ wọn ketekete. Mo dáhùn, ṣùgbọ́n áńtẹ́nà wọn kò gbé ohùn mi. Wọ́n tún pè, mo tún dáhùn títí ọ̀fun fi dùn mí. Alága ní ó dà bíi pé Mama ti sùn, mo sì gbọ́ ẹ̀rín wọn. Mo tẹ̀ ẹ́ láago. Ó ní rédíò mi ló ti darúgbó bí èmi. Mo ra tuntun, kò yí nǹkan kan padà. Nígbà tó yá, akọ̀wé ń ka orúkọ àwọn tó ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí rédíò, ó kà mí mọ́ wọn, èmi tí mo jókòó ti rédíò tí mo ń sọ pé mo wà níbí.

Ìjì kan ló gbé ẹ̀bùn alága jù sórí páànù aládùúgbò. Wọ́n yá áńtẹ́nà oníbándì méjì, irú èyí tí mo sọ gan-an. Ní Sátidé yẹn, alága béèrè bóyá ó ku ẹnìkan. Mo pe àmì ìpè mi, orúkọ tí a fi ń mọ̀ mí lórí rédíò, lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n gbọ́ mi. Ẹ má bínú ni mo ń retí, n kò retí ju ìyẹn lọ.

Alága ní, "Mama, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ibo lẹ wà látọjọ́ yìí tẹ́ ẹ kì í dá wa lóhùn?"