Háàdì Díráìfù Tí Màámi Sá Sórí Àpáta

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n ṣe sùúrù. Inú ń bí mi! Màámi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni, ní Odode, Ìdànrè. Kò sí ohun tó tutù láyé yìí tí kò ní sá sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa: kòkó, ẹ̀gẹ́, tìmùtìmù, ìwé orin ìjọ pàápàá.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi, Benedict, kú nínú jàǹbá ọkọ̀ ní Ofosu. Àwọn ará àdúgbò bá fi orúkọ tèmi sọ Màámi di Ìyá Dúpẹ́, kí orúkọ olóògbé má baà máa ta á lára. Kì í dá wọn lóhùn. Ìyá Benedict ni òun.

Fóònù Benedict fọ́ yángá níbi jàǹbá náà. Gbogbo fọ́tò rẹ̀ yòókù, inú háàdì díráìfù kan ṣoṣo ni wọ́n wà. Òrùlé wá jò, díráìfù mumi. Ṣé Màámi pè mí l'Ákùrẹ́? Rárá o! Ó gbé e sáàárín kòkó lórí àpáta tó gbóná janjan, ó ń yí i síwá sẹ́yìn kó lè gbẹ dénú.

"Yéè! Màámi, kí lẹ ṣe?"

"Kí lò ń ké sí? Ó ti gbẹ."

Olúbáyọ̀, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe l'Ákùrẹ́, tú u wò, ó mirí. "Àǹtí, omi nìkan kọ́ ló bà á jẹ́ báyìí. Ṣé ẹ yan án ni?"

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ó kù díẹ̀ kí n gbá a létí, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló ṣẹ̀ mí.

Fọ́tò kan péré ló rí yọ. Èmi ni mo yà á: Benedict ru apẹ̀rẹ̀ kòkó, ó ń gun àpáta lọ, ẹ̀yìn ló kọ sí wa. Nínú gbogbo fọ́tò yẹn, èyí tí kò fojú hàn ló kù! Mo sunkún nínú takisí títí dé Odode.

Màámi gbà á, ó ń fi ìka tọ èjìká rẹ̀. "Ọmọ mi rèé. Ẹ wo èjìká òsì tó máa ń rẹ̀ sílẹ̀." Ó wojú mi. "Àwọn tó kọjú sí wa ńkọ́?"

"Omi ti bà wọ́n jẹ́, Màámi."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo mọ̀ pé omi náà pọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo tètè sá a. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a kì bá tí rí èyí gan-an."