Fóònù Méjì Tí Ẹ̀gbọ́n Wa Fi Ránṣẹ́

Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú ní Mile 12, òórùn tòmátì tó ti rà máa ń pàdé èèyàn kó tó dé ẹnu ọ̀nà ọjà. Ó máa ń kan díẹ̀, ó máa ń dùn díẹ̀, àlùbọ́sà àti ẹrọ̀fọ̀ á sì dá sí i. Àárín òórùn yẹn ni mo máa ń dúró sí láràárọ̀ nígbà náà, tí màá na fóònù sókè bí ẹni tó ń gbàdúrà, tí màá máa wá ibi tí nẹ́tíwọ̀kì wà. Mo ní láti fi fídíò ata ránṣẹ́ sí Táíwò, èkejì mi. Ọjà la jọ ń ṣe. Èmi ni mo ń ra ata, tòmátì àti àlùbọ́sà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá láti òkè Ọya. Òun tó ń gbé ní Ogudu, tó tún ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ló ń fi fídíò náà han àwọn oníbàárà wa, àwọn tó ń se oúnjẹ òde àti àwọn tí kò lè fi bàtà wọn wọ ẹrọ̀fọ̀. Bí fídíò kò bá tètè dé, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi fóònù méjì ránṣẹ́ sí wa. O mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìbejì nílé wa: ohun tí wọ́n bá rà fún Táíwò, wọ́n gbọ́dọ̀ rà á fún Kẹ́hìndé. Títí a fi wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, bàtà oníwọ̀n kan náà ni wọ́n ń rà fún wa, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ mi gùn ju ti Táíwò lọ. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi rí màbo! Àwọn fóònù náà kò yàtọ̀ síra: orúkọ kan, ọdún kan, àwọ̀ búlúù kan. Bàbá wa ní kí n kọ́kọ́ mú, torí Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táíwò wá tọ́ ayé wò. Mo wo páálí méjèèjì. Ọ̀kan kò ní ju orúkọ àwọn tó ṣe fóònù lọ. Ìkejì ní òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì Amẹ́ríkà kan, ó ń dán yanran. Mo ní èyí tó ní òǹtẹ̀ ni yóò níyì jù, mo sì mú un gẹ́gẹ́ bí àgbà.

Síìmù Táíwò wọlé sínú tiẹ̀, ó gbé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tèmi kọ̀ jálẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà tó ń tún fóònù ṣe ní Ketu. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

“Aunty, locked ni. Nẹ́tíwọ̀kì tó tà á níbẹ̀ nìkan ló mọ̀. Màá ṣí i fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má update ẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá fi lè update ẹ̀, ó máa tì padà.”

Ó ṣí i lóòótọ́, síìmù mi sì gbé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí Táíwò bá tan tiẹ̀, kíá ló ń ṣí. Tèmi á kọ́kọ́ fi àmì ilé-iṣẹ́ yẹn hàn, á kọ orin wọn, á tún rò ó kó tó ṣí. Wọ́n ti di nǹkan tiwọn kún inú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fi ń sanwó iná ìlú wọn, kò sì sí èyí tí mo lè yọ kúrò. Àyè tó yẹ kí n fi pa fídíò ata mọ́ ni bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà gbà! Síìmù ilé-iṣẹ́ kan náà la jọ ń lò, ṣùgbọ́n níbi tí tiẹ̀ bá ti ń sáré, tèmi á máa rákò, ìpè á sì máa já láàárín ọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ṣe fóònù náà máa ń fi àtúnṣe tuntun, ìyẹn update, ránṣẹ́. Ti Táíwò á gbà á, kámẹ́rà rẹ̀ á túbọ̀ ríran nínú òkùnkùn, bátìrì rẹ̀ á túbọ̀ pẹ́. Tèmi á ní kò sí nǹkan tuntun, torí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tí kò mọ̀ mí rí ló yẹ kí àtúnṣe gbà dé ọ̀dọ̀ mi. Kó tiẹ̀ dé pàápàá, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nígbà tó yá, ètò bánkì tó wà lórí fóònù mi kọ̀ láti ṣí, ó ní fóònù mi ti gbó. Fóònù tí èmi àti Táíwò jọ gbà lọ́jọ́ kan náà!

Èyí tó dùn mí jù ni pé Táíwò kò gbà mí gbọ́.

“Ìkan náà ni fóònù wa, Kẹ́hìndé. Ìwọ lo ò mọ̀ ọ́n lò.”

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń se oúnjẹ òde, tó jẹ́ oníbàárà wa tó tóbi jù, yí ohun tó fẹ́ padà. Ó ní tàtàṣé ni, kì í ṣe ata rodo mọ́. Táíwò pè mí títí, ìpè kò wọlé. Rodo ni mo kó ránṣẹ́. Obìnrin náà dá a padà tìbínú-tìbínú, kò sì wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Táíwò jókòó tì mí, kò wo ojú mi.

“Bóyá ká pín ọjà yìí. Kí kálukú máa ṣe tiẹ̀.”

Ohun tí a kò ṣe láti inú ìyá wa, fóònù ló fẹ́ mú wa ṣe é. Inú bí mi débi pé omijé kò jáde. Mo yọ síìmù mi, mo gbé fóònù náà lé e lẹ́sẹ̀. Mo ní kó máa lo tèmi, kí èmi máa lo tiẹ̀, ká wo ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà.

Ọ̀sẹ̀ kò parí tí mo fi rí i tó ń bọ̀ láàárín ọjà, tòun ti bàtà ọ́fíìsì nínú ẹrọ̀fọ̀, torí kò rí mi pè.

“Èyí kì í ṣe fóònù, ìyà ni! Báwo lo ṣe ń lò ó?”

Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n Táíwò kò gbọ́n títí òun náà fi jìn sí i. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ńṣe ló túbọ̀ ń ru, torí ẹnu mi yìí ni mo ti ń fi sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí, kò sì tó fún un.

A kì í ráhùn sí ẹ̀bùn àgbà, ṣùgbọ́n Táíwò fúnra rẹ̀ ló pe ẹ̀gbọ́n wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. “Sister mi, ẹ má bínú, àwọn fóònù yẹn ò rí bákan náà o.” Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa dáhùn.

“Mo mọ̀ pé ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti rà wọ́n. Èyí tó ń gba gbogbo síìmù, búlúù rẹ̀ ku ẹyọ kan ní ṣọ́ọ̀bù tí mo lọ. Dúdú ló kù. Mo wá lọ ra búlúù kejì lọ́dọ̀ àwọn nẹ́tíwọ̀kì tí mò ń lò. Ìbejì ni yín, mi ò fẹ́ kí tiyín yàtọ̀ síra.”

Dúdú ló kù! Fóònù tí ì bá tù mí lára wà níbẹ̀ lórí àtẹ, ó ń wo ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi sì kọjá lára rẹ̀ lọ ra ìyà fún mi nítorí ìfẹ́. Mi ò lè bínú sí i, mi ò sì lè ṣe kí n má bínú. Mo kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé gbogbo ẹni tó ń ṣe wá bákan náà láti kékeré, ìrísí wa nìkan ni wọ́n ń wò. Bí ojú bá ti rí i pé ó bára mu, wọ́n gbà pé ó ti tó.

A kò pín ọjà mọ́, mo sì dá fóònù Táíwò padà fún un. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Táíwò tẹ̀ lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòsì láti ra fóònù tèmi. Ẹni tó ń tà á kó oríṣiríṣi jáde sórí gíláàsì. Táíwò jẹ́ kó kó wọn tán, ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Kẹ́hìndé, irú èwo ló wù ọ́?” Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹnikẹ́ni kò tíì dá èmi nìkan bi bẹ́ẹ̀ rí. Mo wo àwọn fóònù náà lọ, mo wò wọ́n bọ̀, mo la ẹnu láti dáhùn, mi ò sì mọ ohun tó wù mí.