Ẹ̀rọ Tí Hannah Gbé Ti Àmù

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Akínpẹ̀lú dùbúlẹ̀, ọ̀sán ni Hannah ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀rù jù. Ilé tí ìjọba kọ́ fún òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń gbé ní ìpẹ̀kun Ìkẹ́rẹ́, àwọn ilé kéékèèké tó fara ti ara wọn. Àjà tiwọn ti jábọ́ tipẹ́, páànù lásán ló kù lókè orí. Bí oòrùn bá ti dé àtàrí, iyàrá á di ìdí ààrò, bàbá tí kò lè dìde fúnra rẹ̀ á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé ooru yẹn lè tún gbé àìsàn náà dìde. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n fi ń tan fáànù, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ ń mú un wúkọ́. Kí ni kí obìnrin wá ṣe?

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Tèmilọlá fi wọlé. Ọmọ Èkìtì ni, ó ń kàwé oyè dókítà ní yunifásítì. Dókítà náà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, Akínpẹ̀lú na apá sí i pé kó wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ òun ga.

"Ẹ má bínú, Bàbá, ilé lèmi ń wò, n kì í wo ènìyàn."

"Ṣé ulé náà ń ṣàìsàn ni?"

"Ó ń ṣàìsàn, Bàbá. Ibà ló ń ṣe é."

Ohun tó ń wádìí ni bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe lè tutù láìsí jẹnẹrétọ̀: kí wọ́n kun páànù ní ọ̀dà funfun, kí wọ́n kan àjà tuntun, kí wọ́n tẹ́ fóòmù tó nípọn lé e lórí, kí sólà kékeré máa yí fáànù. Àmọ́ ilé kan ṣoṣo ni ohun èlò ọwọ́ rẹ̀ tó fún ní àdúgbò wọn, ilé tó bá sì gbóná jù ni yóò gbà á. Ó gbé ẹ̀rọ funfun kan, tí kò ju páálí ìṣáná lọ, kọ́ sí iyàrá ilé kọ̀ọ̀kan kó máa wọn ooru, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì padà sí yunifásítì.

Ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ohun àlejò, a kì í jẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. Nígbà tí Hannah fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó bá a pé ó gbóná fòò, ẹ̀rù bà á pé yóò bàjẹ́. Ó yọ ọ́, ó fi aṣọ mímọ́ wé e, ó gbé e ti ẹ̀gbẹ́ àmù lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tútù tí wọ́n ń kó uṣu sí. Ibẹ̀ ló wà títí Tèmilọlá fi padà dé. Ọwọ́ méjèèjì ni Hannah fi gbé e lé e lọ́wọ́.

Àwọn káfíńtà ti ń dúró níta pẹ̀lú ọkọ̀ pákó. Tèmilọlá ṣí kọ̀ǹpútà, ó wo ohun tí ẹ̀rọ kọ.

"Ilé yín ló tutù jù, mà. Ti Mà Fọlákẹ́mi ló gbóná jù."

Fọlákẹ́mi, aládùúgbò wọn, ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó yí padà sí àwọn káfíńtà pé kí wọ́n máa kó pákó bọ̀.

Bí Hannah bá dákẹ́, ọkọ rẹ̀ tún di ti ooru. Bó bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò gbà á gbọ́?

"Dókítà, dúró ná. Ohun yẹn ò sí ní iyàrá. Ẹ̀gbẹ́ àmù ni mo gbé e sí kó má baà bàjẹ́."

"Ìyá Ṣògo," ni Fọlákẹ́mi wí fún Hannah, "ìgbà tí pákó kọrí sí ulé mi lo wá rántí àmù?"

Káfíńtà kan rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ̀ bá kúkú gbé bàbá náà ti àmù."

Tèmilọlá ò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà.

"Mà, ṣé àmù yẹn máa ń làágùn?"

"Ojoojúmọ́."

"Ẹ̀rọ yìí ń wọn ọ̀rinrin mọ́ ooru. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tí ètè gbogbo wa ń là yìí, ó ní iyàrá yín rin bí etí odò. Mo ti ń rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Mo gbà yín gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ ohun tí mi ò wọ̀n. Ẹ jẹ́ ká tún gbé e kọ́. Bí òjò bá fi lè dé kí ó tó wọ̀n ọ́n tán, ooru á lọ, ilé Mà Fọlákẹ́mi náà ni."

Akínpẹ̀lú ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí ibùsùn. "Gbé e kọ́ sókè orí mi," ló wí. "Bí mo bá ń kú lọ, kó máa kọ ọ́."

"Bàbá Ṣògo, má sọ bẹ́ẹ̀," ni Hannah wí.

Wọ́n to pákó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Fọlákẹ́mi. Kí ẹ̀rọ lè wọn ooru náà bó ṣe rí, Hannah ò gbọdọ̀ da omi sílẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣí ju fèrèsé tó ń ṣí tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọkọ rẹ̀ títí ọwọ́ á fi kú. Gbogbo Ìkẹ́rẹ́ ń gbàdúrà òjò kí wọ́n lè gbin àgbàdo, òun nìkan ló ń bẹ Ọlọ́run pé kó dá a dúró, ojú sì ń tì í. Bí Fọlákẹ́mi bá ń kọjá, á gbójú sókè: "Òjò, máa bọ̀ o, a ti ń retí rẹ."

Lọ́jọ́ tí Tèmilọlá padà, òkùnkùn òjò ti bo orí òkè Orólè. Ó yọ ẹ̀rọ, ó wò ó, ó tún un wò. Òógùn bò ó lójú níbi tó dúró sí.

"Mi ò tíì rí irú ooru yìí ní ilé kankan," ló wí. Ó yọjú síta. "Ẹ kó pákó wá síbí."

Ìjì ti ń fẹ́, òjò ti ń kán tó, tó. Fọlákẹ́mi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó kawọ́ gbera. Nígbà tó rí i pé òjò fẹ́ ká wọn mọ́ ìta, ó pòṣé, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé orí pákó kan.

"Ìyá Ṣògo, mú ìdí ẹ̀. Kò sí ẹni tí pákó tútù máa ṣe láǹfààní."

Àwọn méjèèjì jọ ń gbé e títí pákó fi wọlé tán. Káfíńtà gun àkàbà, ó ń kan ìṣó gbá, gbá lókè orí Akínpẹ̀lú, òjò ń lu páànù.

"Ariwo yìí," ni bàbá wí, "ìgbà wo lẹ óò wá jẹ́ kí n sùn?"