Ọdún Tí Wọ́n Yan Fọ́tò Ìyá Mi

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí a kó kúrò ní Sùúrùlérè wá sí Festac. Àjọ̀dún tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ àwọn ilé náà ti parí, àwọn àlejò ti padà sí ìlú wọn, ìjọba sì ń pín ilé fún àwọn òṣìṣẹ́. Orúkọ bàbá mi jáde. Ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, n kò sì tíì rí i kó jó rí àfi lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, òórùn ọ̀dà ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Ìyá mi á ṣí ẹ̀rọ omi inú kíṣìnnì, á kàn dúró máa wo omi bó ṣe ń jáde.

Mo ti kọ́ títẹ̀wé tán nígbà náà, mo ń wáṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ títẹ̀wé kọ́ ló wà lọ́kàn mi. Mo ga, mo tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn mi gùn, kò sì sí ibi tí mo dé tí wọn kì í sọ ọ́. Mo fẹ́ di módẹ́lì. Mo fẹ́ kí ojú mi wà lára kàlẹ́ńdà àti nínú ìwé ìròyìn, kí n máa fi ọṣẹ han gbogbo ayé. Àǹtí kan ń gbé lókè wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà kan ní Èkó. Òun ló sọ fún mi pé ọ̀gá òun ń wá ojú tuntun.

"Kó fọ́tò tó dáa jọ," ó ní. "Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń yà lọ́jọ́ ìbí o. Èyí tí wọ́n á ti rí ojú rẹ, tí wọ́n á rí ìdúró rẹ, tí wọ́n á rí ẹ̀rín rẹ. Tò wọ́n sínú álíbọ́ọ̀mù kan, màá mú ọ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá."

Bàbá mi ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀, ó ní, "Ọmọ mi ò ní dá nìkan lọ dúró níwájú onífọ́tò kankan. Àfi kí ìyá rẹ̀ bá a lọ."

Bí ìyá mi ṣe bá mi lọ nìyẹn. Olùkọ́ ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ilé-ìwé ló ti wá pàdé mi lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ìró àti bùbá àdìrẹ tí ṣọ́ọ̀kì ti kùn lápá, àti gèlè kékeré kan tó ti ń tú. Wọ́n kọ pélé sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì nígbà tó wà lọ́mọdé. Mo máa ń wo pélé yẹn, màá sì dúpẹ́ lọ́kàn mi pé wọn ò kọ èmi nílà.

Ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò náà wà ní Mazamaza, ó kọjú sí títì tó lọ sí Àgbádárìgì. Ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún ni, ohùn rẹ̀ tutù. Mo pààrọ̀ aṣọ títí ó fi sú èmi gan-an. Mo wọ ṣòkòtò tó gbòòrò lẹ́sẹ̀, mo wọ bàtà gogoro, mo dé wíìgì, mo tún ṣí i. Gbogbo ohun tí mo ti fi dánra wò níwájú dígí ni mo ṣe.

"Àbúrò, rọra," ló ń sọ ṣáá. "Tú ojú ká. Má bá kámẹ́rà jà."

Nígbà tó parí, fíìmù ṣì kù díẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó yíjú sí ìyá mi tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó gbé wíìgì mi lé ẹsẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síbí. N kò fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yìí ṣòfò."

"Èmi? Nínú aṣọ tí mo fi ń kọ́ ọmọ láti àárọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ jókòó. Ó rántí pé gèlè òun ti tú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti wé e, ó fi eyín di píìnì mú. Bó ṣe wà bẹ́ẹ̀ ló yíjú sí mi pé kí n má gbàgbé bàtà mi o. Kámẹ́rà dún.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, èmi nìkan lọ yan fọ́tò. Onífọ́tò ti tẹ gbogbo wọn ní kékeré sórí ìwé, ó tún ti tẹ díẹ̀ ní ńlá, ó tò wọ́n sára ògiri.

"Fi ìwé pélébé bo aṣọ tó wà níbẹ̀," ó sọ fún mi. "Bí aṣọ bá ti kúrò, ṣé ojú náà ṣì ń sọ nǹkan kan?"

Mo bò ó. Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú tèmi, ohun tó ṣẹ́kù ni ọmọbìnrin kan tó ń dúró kí wọ́n sọ fún un pé ó rẹwà.

"Ó dáa. Jáde síta, kí o tún wọlé. Èyí tí ojú rẹ bá kọ́kọ́ bà lé, òun ló lágbára."

Mo jáde. Mo dúró ní etí títì títí tírélà kan fi kọjá, mo tún wọlé. Ojú mi bà lé ìyá mi. Mo tún jáde, mo tún wọlé, mo mọ̀ọ́mọ̀ wo apá kejì ògiri. Ojú mi tún padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, píìnì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó fẹ́ bá èèyàn wí tí ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó lè ṣe é. Pélé rẹ̀ gba ìmọ́lẹ̀. Àfi bíi pé nítorí ìmọ́lẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣe kọ ọ́.

"Ìyẹn kì í ṣe tèmi," mo sọ fún onífọ́tò.

"Mo mọ̀. Mo fi síbẹ̀ kí o lè rí ìyàtọ̀ ni."

Kò sọ ọ́ láti fi bú mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan kan ti wọ̀ mí láyà. Mo ti jowú ọ̀rẹ́ rí, mo ti jowú àwọn ọmọbìnrin inú kọ́áyà wa rí. Owú ìyá ẹni ńkọ́? Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Nílé, bàbá mi ń ṣí fọ́tò mi bí ẹni tó ń ṣí ìwé ìròyìn àná. "Ó dáa. Èyí náà dáa." Ìgbà tó dé orí ti ìyá mi, tí onífọ́tò fi kún tèmi, ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú.

"Màmá wọn, ṣé ìwọ nìyí?"

Ìyá mi dáhùn láti kíṣìnnì pé kí ó fi òun sílẹ̀. Bàbá mi ti fẹ́ ti fọ́tò náà bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà tí Àǹtí tó ń gbé lókè, tó sọ̀ kalẹ̀ wá wò wọ́n, na ọwọ́ gbà á.

"Ẹ jẹ́ ká fi èyí sí i," ó ní.

"Fi sí i," ni ìyá mi wí, "kí wọ́n lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé kí wọ́n má fi ìyá mi sí i?

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà tẹ́ àwọn fọ́tò sórí tábìlì rẹ̀. Àǹtí ló kọjú sí, kì í ṣe èmi. "Ọmọ yìí rẹwà," ó ní, "ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ wa." Lẹ́yìn náà ló mú fọ́tò tó gbẹ̀yìn, ó sì dìde, ó lọ sí ojú fèrèsé pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ní mílíìkì alágolo tuntun kan tí wọ́n fẹ́ polówó. "Ìyá yìí ńkọ́? Bí ìyá yìí bá sọ pé ọmọ òun ń mu ún, ta ni kò ní gbà á gbọ́? Níbo lẹ ti rí i?"

"Ìyá mi ni, sà," mo dáhùn.

Ó wo fọ́tò, ó wò mí. "Ẹ ò jọra."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó ní ká lọ ya fọ́tò ìyá náà sí i, ká yan èyí tó dáa jù wá. Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa bọ̀, Àǹtí ń sọ̀rọ̀, ń sọ̀rọ̀. Èmi ń wo títì títí a fi dé Mile 2.

Ìyá mi ń dín dòdò nígbà tí mo wọlé.

"Wọ́n ní ẹ̀yin ni àwọn fẹ́, Mọ́mì."

"Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe kí ni?"

Mo sọ ọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti gbé àwo sílẹ̀. Ìgbà tó yá ló wo ojú mi, ẹ̀rín náà sì tán.

"Ó dùn ọ́."

"Rárá, mà."

"N kò ní lọ. Ẹ wá ẹlòmíràn."

"Ẹ lọ, Mọ́mì," ni mo wí, bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì. N kò sọ ọ́ nítorí pé mo ní inú rere. Bí kò bá lọ nítorí mi, màá tún máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ohun tó mú kí n jowú rẹ̀. Ìyẹn á wúwo jù fún mi.

A padà sí Mazamaza. Lọ́tẹ̀ yìí, Àǹtí yá ìyá mi ní léèsì, ó fi páúdà kùn ún lójú, ó wé gèlè tó dúró gan-an sí i lórí. Ìyá mi le gbagidi lórí àga bí ẹni tó ń ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Onífọ́tò bẹ̀ ẹ́, ó bá a ṣàwàdà, kò tú ojú ká. Inú mi dùn. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí kò ní burú létí: inú mi dùn gan-an.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé kan wá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ̀ wọ́n, ó sì gbàgbé ibi tó wà. "Ẹ̀yin wọ̀nyí, títí di ìsinsìnyí ẹ ò tíì délé?" Kámẹ́rà dún. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ṣí gèlè, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó ń fọwọ́ ra àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kámẹ́rà tún dún.

Orí tábìlì oúnjẹ wa ni a ti yan fọ́tò náà. Àǹtí kó gbogbo èyí tí léèsì ti hàn dáadáa sọ́tọ̀.

"Àwọn wọ̀nyí gbayì," ó ní.

Bàbá mi gbà. Ìyá mi gbà. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá kó àwọn yẹn lọ, ọ̀gá yẹn á wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, á dá wọn padà, ọ̀rọ̀ á sì parí. Èmi kàn ní láti pa ẹnu mọ́ ni. Àmọ́ fọ́tò tó ti ń fọwọ́ ra àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn wà lábẹ́ àwọn yòókù, igun rẹ̀ kan ṣoṣo ló yọ síta, ara mi ò sì gbà á.

"Kì í ṣe àwọn yẹn," mo ní.

Gbogbo wọn wò mí. Mo mú ìwé pélébé, mo fi bo léèsì. "Ẹ wo ojú Mọ́mì níbí. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ó dà bíi pé wọ́n ń dúró de dókítà." Mo fa èyí tó ti ń bá àwọn ọmọ wí jáde, mo fa ti àtẹ́lẹsẹ̀ jáde. "Ẹ wo ìwọ̀nyí. Mọ́mì gan-an nìyí. Ẹ jáde síta, kí ẹ tún wọlé, kí ẹ wá sọ èyí tí ẹ kọ́kọ́ rí."

Bàbá mi jáde lóòótọ́. Ó wọlé, ó sì fi ìka sórí ti àtẹ́lẹsẹ̀. Omi ti ń dà lójú mi.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?" ó bi mí.

"N kò mọ̀, sà."

Wọ́n gba ìyá mi. Kí ọdún náà tó parí, kàlẹ́ńdà mílíìkì ti wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù káàkiri Mazamaza, mo rí i dé Abúlé Adó. Bí mo bá lọ ra bọ́tà, ìyá mi ni yóò máa wò mí láti ẹ̀yìn ẹni tó ń tajà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Mílíìkì, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ó ra dígí kékeré sínú báàgì rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Álíbọ́ọ̀mù tèmi padà wá nínú àpò ìwé, ó mọ́ tónítóní.

Nígbà tí onífọ́tò gbọ́ pé èmi ni mo yan fọ́tò yẹn, ó ní kí n máa wá ní Sátidé. Àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣe módẹ́lì ti ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti ibi gbogbo, wọn ò sì mọ èyí tí wọn ì bá mú nínú fọ́tò wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yàn án fún wọn. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo máa ń rí ẹni tó dà bí mi láàárín wọn, tó ti fi ojú dánra wò níwájú dígí títí ojú náà fi di tẹlòmíràn. Mo máa ń bá irú wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti ìyá mi jókòó sí bàkónì, à ń ṣa ẹ̀gúsí. Kò wò mí nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Ó ti ṣe èmi náà rí."

"Sí ta ni?"

"Sí ìwọ." Ó ju èèpo nù. "O ti tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà. Bí a bá jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn á kí mi, ṣùgbọ́n ìwọ ni wọ́n ń wò. Tẹ́lẹ̀ rí, èmi ni wọ́n máa ń wò. Ó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń wá ìdí tí màá fi bá ọ wí. Bí yẹtí rẹ bá tóbi díẹ̀, màá pariwo."

Mo rántí yẹtí náà. Mo ti rò pé nítorí Ọlọ́run ló ṣe ń bá mi wí.

"Ìgbà wo ló wá tán?"

Ó ronú sí i. "Ta ló sọ fún ọ pé ó tán?"

A jọ rẹ́rìn-ín, a sì ń bá ẹ̀gúsí wa lọ. Màá fẹ́ sọ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin yí i ká, wọ́n ń fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀, wọ́n ń bi í ní ìgbà tí kàlẹ́ńdà tuntun máa jáde. Mo dúró díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé. Mo gbọ́ tó ń pè mí láti ẹ̀yìn pé kí n dúró de òun. Mo dúró dè é, àmọ́ n kò wẹ̀yìn. Ó bá mi, ó gba Bíbélì tó wà lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ kọ́ mi lápá, a sì jọ gba etí títì lọ sílé.