Ayédèrú Ìfọwọ́sí Ara Mi

Orúkọ kì í sọnù lórí mi. Mo rántí orúkọ gbogbo ẹni tó ti jókòó lórí àga tí mo kàn láti ọjọ́ tí mo ti dé Libreville ní Gabon, títí kan orúkọ ajá wọn. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ̀kan síbí. Ẹni tí báǹkì ti mú fún ayédèrú kò yẹ kó máa kó àwọn èèyàn jẹ́jẹ́ sínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Káfíńtà ni mí, ní àdúgbò Lalala. Oṣù kẹta lẹ́yìn tí a sin ìyàwó mi, mo ra pákó lọ́wọ́ ọkùnrin Nàgó kan tó ń tà á ní Atong Abè, mo fẹ́ fi kan bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo kọ sọwédowó fún un. Àkọ́kọ́ tí mo máa fi ọwọ́ ara mi kọ láyé mi nìyẹn, mo sì nà án sí i bí ẹni ń pín ẹ̀bùn. Ní ọjọ́ kẹta, ó yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ìwé náà fẹ́ ara rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Báǹkì ní kí n kí yín."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní ìfọwọ́sí yìí kì í ṣe ti ẹni tó ni àkáǹtì. Wọ́n ní ẹnì kan ń jí owó yín."

"Ta ni?"

"Ẹ̀yin náà ni!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ní ọjọ́ ogbó yín, Bàbá! Ẹ ò tiẹ̀ pè mí mọ́ ọn."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ ṣí àkáǹtì yẹn, ayùn ṣẹ̀ṣẹ̀ gé mi ní àtàǹpàkò ni, wọ́n ti fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun. Ìyàwó mi kàwé jù mí lọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì ka ìkẹfà lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé fọ́ọ̀mù wọ yàrá, ó bá mi fọwọ́ sí i. Ó fa ìlà kan sábẹ́ orúkọ mi, ìlà tó ká ní ìparí bí èérún igi tí a ń fi ìfági fá kúrò lára pákó. Àtàǹpàkò jinná, àmọ́ òun ló ń fọwọ́ sí gbogbo sọwédowó wa láti ìgbà náà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé e lọ, kí n sì máa yan bí ọ̀gá.

Mo lè lọ jẹ́wọ́, kí n ṣe ìfọwọ́sí tuntun. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé báǹkì á fagi lé ti tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ló ti dùn mí. Àbúrò ìyàwó mi ti kó aṣọ rẹ̀ lọ. Mi ò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ rí. Lójú mi, báǹkì yẹn nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ṣì ti ń ṣiṣẹ́. Mo pinnu pé wọn ò ní pa á rẹ́. Èmi fúnra mi ni mo máa kọ́ bó ṣe ń fọwọ́ sí i.

Mo ní ẹ̀dà lẹ́tà kan tó bá mi kọ sí onílé, tó sì bá mi fọwọ́ sí. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, láràárọ̀, mo fi pẹ́ńsùlù káfíńtà wò ó kọ sára pákó ṣọ́ọ̀ṣì. Bí àwọn ará ìjọ bá dojú bẹ́ǹṣì wọn dé, wọ́n á rí orúkọ mi níbẹ̀ bí ogójì ìgbà. Wọ́n á rò pé ìgbéraga ni.

Mo gbé aṣọ kóòtù mi wọ̀, mo lọ sí báǹkì náà, lẹ́bàá àdúgbò Nombakélé. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn, ibí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ni bàbá rẹ̀. Ó ń rọra sọ èdè wa bí ẹni wọ bàtà ẹlòmíràn. Mo fọwọ́ sí ìwé tó fún mi. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì àtijọ́, ó tẹ orí ba.

"Papa, ta ló kọ́ yín?"

"Ó kọ́ mi ní kí ni?"

"Ẹni tó ni ìfọwọ́sí kì í ronú. Kíá ló máa ń ṣe é. Ẹ̀yin yà á bí àwòrán ni. Ẹ wò ó, ibí yìí lẹ dúró sí, yíǹkì kóra jọ. Ibí yìí lẹ ti gbé bírò sókè. Ìlà ìsàlẹ̀ yìí ń gbọ̀n. Bí àwọn olè ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Olè náà máa ń gbọ̀n?"

"Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ ni."

Mo di olè, mi ò tún mọ olè jà. Mo ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un, àtàǹpàkò, fọ́ọ̀mù, ìsìnkú. Ó ti fọ́ọ̀mù tuntun sí mi.

"Mi ò gbọ́ ìyẹn o, Papa. Ọwọ́ tiyín, bó ṣe máa ń jáde."

"Èyí àtijọ́ ńkọ́?"

"A máa fi òǹtẹ̀ lù ú pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tún mú irú rẹ̀ wá, a máa mú un."

Mo kọ tèmi. Ó jáde bí ìṣó tí òòlù ṣì lù.

"Èyí dára," ó ní. "Kò sí olè tó máa ní sùúrù láti kọ́ èyí."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n fi fóònù ya káàdì àtijọ́. Ó ní kò ṣeé ṣe, òfin ni. Ó gbé òǹtẹ̀, ó ṣí ike yíǹkì rẹ̀, ó wò mí. Ó ní yíǹkì ti gbẹ, ó máa lọ mú òmíràn wá ní òkè. Mo rí yíǹkì náà kedere, ó ń dán.

Ó yí káàdì náà sí ọ̀dọ̀ mi kó tó dìde. Ó pẹ́ gan-an. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì lé orúnkún, mo sì fi ojú tẹ̀ lé ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó ti ká, mo tún padà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo yí káàdì náà padà sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.