Ewé Tútù Lójú Ọ̀nà Odò

Àwa tí wọ́n bí sí ẹ̀bá òkè ní Idogun máa ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sóko nítorí pé ọ̀kadà kì í gun àpáta. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ru agbọ̀n gun òkè yẹn, n kò mọ̀ pé fàájì ni mò ń ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ọ̀wọ̀ ló wá là mí lójú. Ní Sátidé, wọn á dé pẹ̀lú bàtà tó nípọn bíi táyà, wọn á gun òkè, wọn á sọ̀ kalẹ̀, wọn ò ní kó iṣu kankan bọ̀, inú wọn á sì máa dùn.

Ní ìdajì ọ̀nà oko wa, adágún omi kékeré kan wà lẹ́yìn àpáta, ó mọ́ débi pé wàá rí ìka ẹsẹ̀ rẹ nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń wẹ̀ bí mo bá ń ti oko bọ̀. Balùwẹ̀ ilé wa kò ní ilẹ̀kùn, aṣọ ni a ta sí i, èrò ilé sì pọ̀. Lẹ́yìn àpáta yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í pè mí, tí n kò sì ní láti dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Fún ẹni tí ojú máa ń tì láti kí ará ilé rẹ̀ pàápàá, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Òfin ibẹ̀ rọrùn. Bí o bá fẹ́ wẹ̀, wàá ya ẹ̀ka ewé tútù, wàá fi dábùú ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ẹnì kan wà ní ìhòòhò níwájú, á sì padà. Bí o bá wẹ̀ tán, wàá gbé e kúrò.

Ní Sátidé kan, ọṣẹ ṣì wà lórí mi nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Wọ́n ti ré ewé mi kọjá. Mo fa ìró mọ́ra, mo jókòó sínú omi dé ọrùn bí ọ̀pọ̀lọ́.

"Àǹtí, ẹ kúuṣẹ́ o!" Ọ̀gá wọn nìyẹn, ọ̀dọ́kùnrin kan tó dé àkẹtẹ̀. "Ibí mà dára o! Ẹ sì fi pamọ́!" Ẹ̀ka ewé mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí lẹ fi èyí ṣe? Àbí àmì ni, pé ibi tó rẹwà wà níwájú?"

Ṣé kí n sọ fún ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí pé ohun tí ewé ń sọ ni pé n kò wọ nǹkan kan? Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ohun tí Ọlọ́run dá kì í ṣe ti ẹnì kan," ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Ó yẹ ká fi han gbogbo ayé." Ọ̀rọ̀ gidi. Agádágodo ń dán lára báàgì rẹ̀.

Gbogbo ayé sì gbọ́. Ní Sátidé kejì, ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí tayọ̀tayọ̀: àwòrán omi mi, àti ọ̀rọ̀ pé ẹni tó bá rí ewé tútù lójú ọ̀nà ní òkè wa, kó tẹ̀lé e. Èrò bọ́ọ̀sì méjì ló tẹ̀lé e. Wọ́n fi ọ̀rá píọ́ wọ́tà ṣe ọ̀ṣọ́ sí etí omi, ẹnì kan sì kọ orúkọ rẹ̀ sára àpáta, kí àpáta má baà gbàgbé rẹ̀. Èmi lọ wẹ̀ nílé, lẹ́yìn aṣọ. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń bi mí pé ṣé mo ti ṣe tán.

Ọgbọ́n wá sọ sí mi lórí. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo gbé ewé sí ọ̀nà kejì, èyí tó lọ síbi tí ìyá mi ń rẹ ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe fùfú. Ẹ̀gẹ́ náà ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú omi. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn igi. Wọ́n dé, wọ́n di imú. Mo rò pé ó parí nìyẹn.

"Omi oògùn ni," ọ̀gá wọn ní. "Bí irú rẹ̀ ṣe máa ń rùn nìyẹn. Ó dára fún oríkèé ẹsẹ̀."

Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ká ṣòkòtò. Nígbà tí ìyá mi yọ tòun ti agbọ̀n lórí, gbogbo wọn ló ti ki ẹsẹ̀ bọ oúnjẹ wa.

"Yéè! Ẹ̀yin ọmọ ọlọ́mọ, ta ló ní kẹ́ ẹ wá fọ ẹsẹ̀ sínú fùfú mi?"

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ewé la rí."

"Ewé kẹ̀? Ta ló ń wẹ̀ nínú ẹ̀gẹ́?"

Ojú kì í ti ìyá mi. Ó ṣàlàyé ewé fún wọn pẹ̀lú ohùn tí wọ́n á gbọ́ dé Ifon, kò sì fo ibi ìhòòhò. Ìgbà náà ló rí mi lẹ́yìn igi. "Ìwọ! Jáde wá!"

Ọ̀gá wọn ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀. "Àǹtí, ọjọ́ yẹn... ṣé ẹ ń wẹ̀ ni?"

"Rárá o," ìyá mi dá a lóhùn, "ìwé ìròyìn ló ń kà."

Èmi ni mo da gbogbo ẹ̀gẹ́ náà nù, èmi ni mo sì bẹ òmíràn. Ọ̀dọ́kùnrin náà pa ohun tó kọ rẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti wọ fóònù ẹlòmíràn, ta ló lè pè é padà? Ewé kò wúlò mọ́. Bí mo bá gbé e sílẹ̀, àlejò ni mò ń pè. Nítorí náà, orin ni mò ń kọ. Èmi tí wọ́n bẹ̀ títí kí n wọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, tí n kò wọ̀ ọ́, mò ń kọrin báyìí láti ìgbà tí mo bá ti bọ́ aṣọ títí n ó fi wọ̀ ọ́ padà. Ìyá mi ní òun ń gbọ́ mi láti oko.

Ní Sátidé tó kọjá, ẹnì kan wúkọ́ níbi àpáta. Mo yọjú díẹ̀, mo rí àkẹtẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí omi.

"Àǹtí, àwa náà ni. Ṣé ká dúró, àbí ká padà?"

Omi ti mọ́ padà. Mo ń rí ìka ẹsẹ̀ mi.

"Ẹ padà," mo ní. Kò sí ẹni tó ní kí n tún un sọ.

Mo gbọ́ bàtà wọn bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Mo bá orin mi lọ láti ẹsẹ kejì, ibi tí wọ́n ti dá mi dúró.