Télọ̀ Ní Ọbẹ̀ Ìyàwó Òun Korò

Àbúrò ni mo máa ń pè é, bẹ́ẹ̀ ibi iṣẹ́ la ti mọra, ní ilé ìdáná ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe bébà. Òun ló ń dáná, èmi ni mò ń fọ abọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa ń fi ìka nu abọ́ wọn mọ́ tónítóní nítorí ọbẹ̀ rẹ̀, Alásè ni gbogbo wọn sì ń pè é. Bó bá ń sè é lọ́wọ́, á kán díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á lá a, á dijú, kó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ kù. Nílé, àtẹ́lẹwọ́ ọkọ rẹ̀ ló máa ń kán an sí. Télọ̀ lọkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ́rẹ́ tó fi ń ránṣọ. "Iyọ̀ ti pọ̀ jù," ni yóò wí, á sì jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí kókó yọ sí Télọ̀ lọ́nà ọ̀fun, ayé dojú rú fún wọn. Ilé ìwòsàn ní kó máa wá síbi ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán jó kókó náà. Kókó ń kéré sí i lóòótọ́, àmọ́ ọkùnrin náà ń gbẹ. Kò lè gbé hóró oògùn mì mọ́, nọ́ọ̀sì wá ní kí ìyàwó rẹ̀ máa lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀. Ibi tí Alásè ti ń fi ìdí ṣíbí lọ oògùn ni Télọ̀ yọjú sí. Ó rí nǹkan funfun, ó rí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ lórí ìkòkò, kò béèrè ohunkóhun.

Nígbà tó tọ́ ọbẹ̀ náà wò, ó tu ú sílẹ̀.

"Ó korò! Kí lo bù sí i?"

"Oògùn yín ni. Nọ́ọ̀sì ló ní kí n lọ̀ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì Alásè kò fi oògùn sí i, ó ṣì korò. Ó bu omi lásán fún un, ìyẹn náà korò. Ni Télọ̀ bá wò ó lójú, ó ní, "O fẹ́ pa mí. Mo ti sú ẹ, o fẹ́ rí ẹ̀yìn mi."

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu èèyàn lè sọ? Inú bí mi débi pé mo fẹ́ lọ bá a wọ̀yá ìjà. Alásè ló dì mí mú, ó ní ká kọ́kọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú sí i," ni nọ́ọ̀sì wí. "Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan wà lórí ahọ́n tó ń bá wa mọ ìtọ́wò. Ti iyọ̀ ní ihò tóóró lára. Iyọ̀ tó bá ti yọ́ sínú itọ́ máa ń gba ibẹ̀ wọlé, sẹ́ẹ̀lì á sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Nǹkan kíkan náà ń gba ihò wọlé, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ yàtọ̀. Ti ìkorò kì í ṣe ihò ní tiẹ̀. Ó dà bí àgádágodo oríṣiríṣi, nǹkan kíkorò tó bá bá ọ̀kan mu ló máa ṣí i. Wọ́n pọ̀ nítorí pé májèlé sábà máa ń korò, àwọn ló sì ń ké gbàjarè fún ara."

"Kí ló wá ṣe tọkọ mi?" Alásè béèrè.

"Ẹ̀rọ tó ń jó kókó ń ba àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn náà jẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ń rán sí ọpọlọ ti dàrú, pé ó korò ṣáá ni. Kì í ṣe pé ó ń purọ́ mọ́ yín, mà. Ahọ́n rẹ̀ ló ń sọ fún un pé májèlé ni."

"Ṣé wọ́n á tún hù?"

"Wọ́n á hù, àmọ́ ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Kó ṣáà jẹun títí dìgbà yẹn. Bí kò bá jẹun, kò ní lókun tó fi máa gba ìtọ́jú tó kù, kókó á sì borí rẹ̀."

A sọ ọ́ fún Télọ̀, kò gbà. Ó ní èmi, ìyàwó òun àti nọ́ọ̀sì la jọ gbìmọ̀ pọ̀. Alásè kúnlẹ̀, ó sunkún, ó jẹ nínú abọ́ náà lójú rẹ̀. Télọ̀ pa ẹnu dé pinpin. Bó ṣe ń rù, ó ń dín ṣòkòtò ara rẹ̀ kù lórí máṣìnnì, títí tí kò fi lókun àtitẹ máṣìnnì mọ́.

Àfi bí Alásè ṣe bá mi nídìí abọ́ tí mò ń fọ̀, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Ó ń kú lọ lójú mi. Ẹ jẹ́ kí n máa sè é nílé yín, kí ẹ máa gbé e fún un, kí ẹ ní ẹ̀yin lẹ sè é."

Èmi tí ọkọ tèmi máa ń ní kí n kúkú gbé ẹran wá ní tútù! Mo gbé e lọ. Télọ̀ tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀.

"Tiyín náà korò."

"Kí ni mo fẹ́ fi ikú ẹ ṣe? Ṣé èmi ni mo máa jogún máṣìnnì ẹ ni?"

Ó wo abọ́ náà títí. Lẹ́yìn náà ó bu ṣíbí kan, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó gbé e mì.

Bá a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Alásè á dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà, á máa gbọ́ ìró ṣíbí. Lọ́jọ́ tí ṣíbí bá ró lẹ́ẹ̀kan péré, á ki ìṣẹ́tí aṣọ bọnu kí ẹkún má baà jáde. Ó ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ náà sí i, ó ní bóyá ó máa rí sẹ́ẹ̀lì kan tó ṣẹ́ kù. Mo tọ́ ọ wò lọ́jọ́ kan, ahọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò rẹ́rìn-ín.

Ìtọ́jú parí, oṣù ń lọ, Télọ̀ ṣì ń sọ pé ó korò. Èmi gan-an ti gbà lọ́kàn mi pé a máa sin ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó bu ṣíbí kan, ó dúró. Ó yí ahọ́n lẹ́nu. Mo ń wo ìka ẹsẹ̀ Alásè lábẹ́ kọ́tìnnì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o."

"Kí ló dé?"

"Iyọ̀ ti pọ̀ jù."

"O ní kí ni?"

"Iyọ̀. Ká má parọ́, ẹ ò mọ ọbẹ̀ sè rárá." Ó gbé abọ́ sílẹ̀, kò lè wò mí lójú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ìyàwó mi. Ẹ ní kó wá sè é fún mi."

Mo gbé abọ́ náà jáde, mo ní mò ń lọ pè é. Alásè ti fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu. Nígbà tó ṣe, ó bu omi gbígbóná lu ọbẹ̀ kan náà, ó dúró díẹ̀ níta kó má baà yá jù, ó wá gbé e wọlé, mo sì tẹ̀ lé e. Ó kán an sí i látẹ́lẹwọ́. Télọ̀ lá a, ó dijú.

"Ẹ rí i, Ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Èyí ni wọ́n ń pè ní ọbẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́.